Ọ̀dà Tó Ń Sá Pamọ́, Ọ̀dà Tó Ń Ṣe Fújà
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba ní Ifangni, ní orílẹ̀-èdè Benin

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo ní ìbéèrè kan. Bí ẹ ṣe ń bọ̀ láti ojú títì, abẹ́ àwọn ọ̀pẹ iwájú gbọ̀ngàn yìí lẹ gbà kọjá. Mo so ìgbàyà ogun mọ́ wọn lára láàárọ̀ yìí. Mélòó lẹ rí? (Àwọn èèyàn dáhùn pé: Méjì!) Ó dáa, méjì. Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀ ná.

Kì í ṣe irin ni mo fi ṣe wọ́n. Fóòmù ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sílípáàsì. Mo fi ọ̀bẹ gé e, mo yá a níná díẹ̀ kó lè tẹ̀ mọ́ àyà, mo wá kùn ún lọ́dà. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ti pọ̀ láyé báyìí. Wọ́n á wo jagunjagun inú fíìmù, wọ́n á lọ ṣe ẹ̀wù rẹ̀ nílé, wọ́n á sì wọ̀ ọ́ jáde lọ́jọ́ àpéjọ. L'Ékòó, wọ́n ń pàdé níbi Lagos Comic Con tí Ayodele Elegba dá sílẹ̀ ní 2012. L'Ámẹ́ríkà, ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ 501st Legion, láti 1997 ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀wù àwọn ọmọ ogun inú Star Wars. Ẹnì kan sọ fún mi lánàá pé eré ọmọdé ni. Mo bi í léèrè bóyá kò tíì rí àgbàlagbà ọkùnrin tó de ọmú onígi mọ́ àyà, tó gbé ère lérí, tó ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láàárín ọjà. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì pa á tì.

Ohun tó wù mí jù nínú iṣẹ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ọ̀dà kámúfílájì tí wọ́n ń kùn, àti bí wọ́n ṣe ń sọ ẹ̀wù tuntun di ogbó. Ẹ gbé e yẹ̀ wò: ọ̀dà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fi èèyàn pamọ́, òun ni wọ́n kùn sára aṣọ tí wọ́n wọ̀ torí kí gbogbo ayé lè rí wọn. Nǹkan méjì yìí ń bá ara wọn jà, ibi tí wọ́n ti ń jà ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà.

Lọ́dọ̀ Faransé ni ọ̀rọ̀ kámúfílájì ti wá. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀ ní 1914, ṣòkòtò pupa fòò làwọn ọmọ ogun Faransé wọ̀ lọ síwájú ìbọn. Ẹ kò nílò kí n sọ ohun tójú wọn rí. Ní 1915, ìjọba wọn dá ẹ̀ka kámúfílájì sílẹ̀, ẹni tí wọ́n sì fi ṣe olórí rẹ̀ kì í ṣe ọ̀gágun, ayàwòrán ni, Guirand de Scévola. Àwọn tó kó jọ, ayàwòrán bíi tirẹ̀ ni, pẹ̀lú àwọn tó ń kun ìran ẹ̀yìn orí ìtàgé ní tíátà. Nítorí náà, bí ọmọ kan bá mú àwọ̀ ológun wá sínú eré lónìí, ilé rẹ̀ ló mú un padà sí.

Ṣáájú wọn, ní 1909, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Abbott Thayer, àti ọmọ rẹ̀ Gerald ti gbé ìwé jáde lórí àwọ̀ ara ẹranko. Wọ́n ní ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ẹranko máa ń ṣú ju ikùn wọn lọ. Oòrùn á tan mọ́ ẹ̀yìn tó ṣú, òjìji á bo ikùn tó funfun, àwọ̀ méjèèjì á wá dọ́gba, ojú ọdẹ á sì fò ó. Bí ẹ bá bi àwọn ọdẹ tó wà níbí, wọ́n á sọ fún yín pé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ di 1909 kí àwọn tó mọ̀ pé ẹtu tó dúró jẹ́ẹ́ kì í ṣe ohun à-rí-tètè. Ẹ̀yin tí ẹ ń kun ìgbàyà, ẹ mú un lò: ẹ jẹ́ kí èjìká àti òkè àyà ṣú díẹ̀, kí ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀.

Ìgbàyà àkọ́kọ́ tí mo so síta, àwọ̀ ológun inú àwòrán ni mo dà kọ síbẹ̀: ewéko, búráùn, dúdú, ní tó-tò-tó kéékèèké. Ẹ rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìdí ni pé tó-tò-tó kéékèèké a máa para pọ̀ di àwọ̀ kan ṣoṣo bí èèyàn bá ti tó ogún ìṣísẹ̀ sí i, ohun tí ojú á wá rí ni àyà èèyàn tó ní àwọ̀ ewéko ṣíṣókùnkùn. Àlébù kejì sì wà níbẹ̀: ọ̀dà olóròóró ni mo lò, ó ń dán. Kò sí ohun tó ń tú àṣírí ẹni tó sá pamọ́ bíi dídán. Sáńpépà kíkúnná ló ń wo èyí sàn, ẹ fi ha á títí dídán rẹ̀ á fi kú.

Ìkejì, àwọ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni mo kùn sí i: funfun, pupa, búlúù. Láyé àtijọ́, ẹfun, osùn, èédú àti aró ni àwọn baba wa ń lò fún ère. Búlúù ìfọṣọ dé lẹ́yìn, ọ̀dà inú agolo tẹ̀ lé e. Ọ̀dà tí kò fẹ́ sá pamọ́ rárá nìyẹn. Ó fẹ́ kí ìyá tó jókòó lẹ́yìn pátápátá rí òun nínú ìmọ́lẹ̀ àtùpà. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 pé ogún ìran ènìyàn ni. Síbẹ̀, bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, àwọn onígi wa á tún ère kùn kó lè dà bí tuntun lójú àwọn ìyá.

Òyìnbó tó ń ra ère kò fẹ́ tuntun. Èyí tó ti ṣí, tí kòkòrò ti jẹ létí, ló ń náwó lé. Àwọn kan tí wọ́n mọ ohun tó ń fẹ́ á gbẹ́ ère lónìí, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀, wọ́n á gbé e sókè àdògán kí èéfín lè bò ó, wọ́n á wá tà á fún un pé ti bàbá bàbá àwọn ni. Irọ́ nìyẹn, n ò ní pè é lórúkọ míì. Àmọ́ ọmọ tó kun ìpẹtà sára fóòmù kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo wa la mọ̀ pé eré ni, a kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣe é dáadáa.

Báwo ni àwọn ọ̀dọ́ yìí wá ń sọ ẹ̀wù tuntun di ogbó? Àkọ́kọ́, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù funfun bo fóòmù kó má baà máa mu ọ̀dà. Wọ́n á kùn ún ní àwọ̀ fàdákà, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi ìka tọ́ basilíìnì sí etí rẹ̀ àti ibi tí nǹkan máa ń ha án. Wọ́n á kun àwọ̀ ewéko bo gbogbo rẹ̀. Bó bá gbẹ, wọ́n á fi àkísà nu ún: ibi tí basilíìnì wà, ọ̀dà òkè á ṣí kúrò, fàdákà á yọ bí irin tí idà ti bó lára. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á po ọ̀dà dúdú mọ́ omi púpọ̀, wọ́n á dà á lé e, wọ́n á tètè nù ún. Èyí tó kù á wà nínú ihò àti ìlà, bí ìdọ̀tí ọdún mẹ́wàá.

Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tó gbà débẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan mú ìgbàyà wá tó kun ìpẹtà sí káàkiri. Mo bi í pé: èyí tó wà láàárín àyà yìí, ìṣó wo ló ti ń ṣàn wá? Kò mọ̀. Ìpẹtà a máa ti ìdí ìṣó ṣàn wálẹ̀, kì í gòkè. Erùpẹ̀ pupa tiwa ní Ifangni, láti ẹsẹ̀ ló ti ń gun aṣọ, eruku ọyẹ́ sì máa ń bà lé èjìká. Ọdẹ àgbà kan jẹ́ kí n yẹ gbérí rẹ̀ wò. Ọrùn rẹ̀ ṣú fún òógùn, èjìká òsì ń dán gbinrin níbi tí okùn ìbọn ti ń ha á, apá ọ̀tún kò dán rárá. Nínú aṣọ yẹn ni mo ti mọ apá tó fi ń gbé ìbọn, láìjẹ́ pé ó sọ fún mi.

Romuald Hazoumè, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), mọ èyí ju gbogbo wa lọ. Jálá tí wọ́n fi ń kó bẹntiróòlù fàyàwọ́ tí à ń pè ní kpayo láti Nàìjíríà gba ọ̀nà wa kọjá ni ó fi ń ṣe ìbòjú. Àwọn akóbẹntiróòlù a máa fi iná wú jálá náà kó lè gba púpọ̀ sí i. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ kan, La Bouche du Roi, ìbòjú 304 ni ó tò bí ẹrú nínú ọkọ̀ ojú omi. British Museum rà á ní 2007. Kò kun ogbó sí jálá wọ̀nyẹn. Ojú ọ̀nà ibodè Igolo ló kùn ún fún un.

Ẹ má rò pé mo bọ́ sínú iṣẹ́ yìí pẹ̀lú ọgbọ́n. Ìgbàyà tí mo kọ́kọ́ ṣe, fún eré orí ìtàgé ni, fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí ni mo gbẹ́. Mo fín ọ̀dà agolo sí i. Ọ̀dà náà jẹ ẹ́! Ó ń yọ́ lójú mi bí òrí tó rí iná, ọ̀gágun wa sì fi àyà lásán jáde lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin ọ̀dọ́: bí ẹ bá kun àwọ̀ ológun, ẹ má wọ̀ ọ́ gba Igolo lọ sí Ìdí-Ìrókò. Òfin Nàìjíríà kò gbà kí ará ìlú wọ aṣọ ológun, ẹ̀ṣọ́ ibodè kò sì ní dúró fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò bóyá fóòmù ni.

Ó ku ìgbàyà kẹta. Bẹ́ẹ̀ ni, mẹ́ta ni mo so. Èyí, n ò wo ìwé kankan kí n tó kùn ún, ìdí ọ̀pẹ ni mo jókòó sí fún òwúrọ̀ kan. Mo kun eérú ara igi, búráùn màrìwò tó ti gbẹ, ìlà ìmọ́lẹ̀ tóóró tó ń gba àárín imọ̀ wọlé, ní ègé ńláńlá tó gé etí ìgbàyà já, kí ojú má baà mọ ibi tí àyà parí sí. Erùpẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni mo pò mọ́ gọ́ọ̀mù fún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jáde lọ wò ó kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbé alùpùpù ti ọ̀pẹ kẹrin, ẹ rọra fà á kúrò o. Ìgbàyà mi lẹ gbé e tì.