Ìbéèrè Ọmọ Kan Nípa Ọdún 1916: Bí A Ó Ṣe Máa Fi Ìtàn Ayé Òyìnbó àti Òmìnira Kọ́ Àwọn Ọmọ Òkè-Ògùn

     

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ rán mi lọ́dún yìí ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ó ṣe máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ayé òyìnbó amúnisìn àti ọ̀nà tí a gbà dé inú òmìnira. Èmi kì í ṣe olùkọ́ ilé ìwé. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí wọ́n fà mí lé olúwo mi lọ́wọ́, abẹ́ rẹ̀ ni mo sì dàgbà sí. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi ní ilé ìwé kan láìpẹ́ yìí. Òun ni mo fẹ́ fi ṣáájú.

Olùkọ́ kan bẹ̀ mí pé kí n wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun sọ̀rọ̀ nípa ìtàn Òkè-Ògùn. Mo wọ agbádá mi, mo lọ. Mo sọ fún wọn bí òyìnbó ṣe yìnbọn sí Ọ̀yọ́ ní ọdún 1895. Mo sọ bí wọ́n ṣe so gúúsù àti àríwá pọ̀ ní ọdún 1914, bí àwọn ará Ìsẹ́yìn àti Òkèihò ṣe dìde sí òyìnbó ní ọdún 1916, àti bí òmìnira ṣe dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún mi, inú mi sì dùn. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ wá nawọ́ sókè. Ó kúnlẹ̀, ó ní: “Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ìyá ìyá mi sọ pé wọ́n pa Oǹjó ní ọdún yẹn. Ṣé òyìnbó ni Oǹjó ni?”

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo ní ìbéèrè rere ni, mo sì yí ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn. Mo jẹ ọmọ náà ní gbèsè. Lójú yín níhìn-ín ni mo fẹ́ ti san án.

Kí òyìnbó tó dé, Aláàfin ni olórí wa, àwọn ìlú Òkè-Ògùn sì ń sìn ín. Síbẹ̀, ọba kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ìjòyè rẹ̀ ni ó ń ṣe ìlú rẹ̀. Ẹjọ́ tí baálé kò bá lè parí ni ó ń dé ààfin. Nígbà tí ìjọba òyìnbó wá fìdí múlẹ̀, wọn kò ní ènìyàn tí ó pọ̀ tó láti fi sí ìlú kọ̀ọ̀kan. Lugard, tí ó jẹ́ gómìnà àgbà láti ọdún 1914, gbé ọ̀nà tí ó fi ń ṣe ilẹ̀ Haúsá wá síhìn-ín: kí òyìnbó máa ti ẹ̀yìn ọba ńlá kan ṣe ìjọba. Ní agbègbè tiwa, Aláàfin Ládìgbòlù Kìíní, tí ó gorí oyè ní ọdún 1911, ni wọ́n mú. Ross, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tí ó jókòó ní Ọ̀yọ́ títí di ọdún 1931, ni ó dúró tì í. Agbára tí Ọ̀yọ́ ní lórí wa wá le ju bí ó ti wà nígbà tí àwọn baba wa fi ń jagun lọ.

Wọ́n dá kóòtù ìbílẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí ọba àti ìjòyè ti ń dá ní ilé wọn bọ́ sí ọwọ́ kóòtù yìí. Akódà ń wọ ilé ẹni. A ń kó ènìyàn lọ ṣe ọ̀nà, yálà iṣẹ́ oko wọn kanjú tàbí kò kanjú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1916, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́, Ìsẹ́yìn àti Òkèihò gbiná. Ta ni ọwọ́ wọn bà? Òyìnbó kò gbé Òkèihò. Kóòtù àti àwọn ènìyàn kóòtù ni wọ́n kọjú sí. Oǹjó, ọba Òkèihò fúnra rẹ̀, kú lọ́wọ́ àwọn tí ó ń jọba lé lórí. Ìjọba kó ọmọ ogun wá, wọ́n tẹ ìlú rì, wọ́n sì pa àwọn tí wọ́n pè ní aṣáájú rògbòdìyàn náà.

Nítorí náà, ọmọ mi, Oǹjó kì í ṣe òyìnbó. Ọmọ Yorùbá ni. Ọmọ Yorùbá ni àwọn tí ó pa á pẹ̀lú. Òyìnbó ti fi ẹni wa sí àárín àwa àti òun, ẹni tí ó sún mọ́ ni ìbínú sì kọ́kọ́ bá.

Mo mọ̀ pé ọmọ ìdílé méjèèjì wà lábẹ́ àtíbàbà yìí. N kò gbé ẹjọ́ ẹnikẹ́ni wá sí ojú ọdún. Ṣùgbọ́n àádọ́fà ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni a ṣì ń sọ ọ́. Bí a bá dé iwájú àwọn ọmọ, a ó ní “àwọn baba wa kọjú ìjà sí òyìnbó,” a ó sì dákẹ́ síbẹ̀, bí èmi náà ti ṣe.

Olúwo mi jẹ́ ọmọdé nígbà náà. Ìlú mọ́kànlá ni wọ́n ti kóra jọ sórí òkè náà láyé ogun láti di Òkèihò. Lẹ́yìn rògbòdìyàn, ní ọdún 1917, ìjọba ní kí gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ wá sí ibi tí ìlú wà lónìí. Bí a bá ń lọ já ewé, tí a sì gba ẹsẹ̀ òkè náà kọjá, Bàbá kì í sọ̀rọ̀ títí a ó fi ré e kọjá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ṣí i payá fún mi. Ó ní àpò ikin baba òun ni wọ́n fi kọ́ òun lọ́rùn, tí wọ́n ní òun kò gbọdọ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ títí òun yóò fi dé ìsàlẹ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá òun padà gòkè lọ kó ìkòkò aró rẹ̀, méjì sì fọ́ lọ́nà. Ìyẹn nìkan ni ó sọ. Nígbà tí mo bi í léèrè ẹni tí ó pa ọba, ó ní kí n ka odù tí mo kọ́ lánàá fún òun gbọ́.

N kò bá a wí. Ó ń dáàbò bo ìdílé tí ó ṣì ń gbé ojúlé kan náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ ṣe kọ́ mi ní Ifá. Ẹ̀yin awo, ẹ mọ bí ẹsẹ Ifá ti rí. Yóò dárúkọ ẹni tí ó dá Ifá, yóò dárúkọ ẹni tí a dá a fún, yóò sọ ohun tí ó gbé e wá, yóò sọ ẹbọ tí a yàn fún un. Bí ó bá rú u, a ó gbọ́. Bí ó bá kọ̀, a ó gbọ́, ì báà jẹ́ ọba, ì báà jẹ́ òrìṣà, ì báà jẹ́ Ọ̀rúnmìlà alára. Kò sí ẹni tí Ifá bo àṣìṣe rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí pé ọmọ rẹ̀ wà níjokòó. Bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí a máa kọ́ ọmọ ní ìtàn: ta ni ó wá, kí ni ó ń wá, ta ni ó gbà, ta ni ó kọ̀, kí ni ó sì kẹ́yìn rẹ̀. Kí ọmọ sọ ọ́ padà fún wa, kí a tún ibi tí ó bá ṣì í ṣe. Kí ó sì ní ẹnu láti bi wá léèrè.

Kí a má sì jẹ́ kí inú ìwé nìkan ni ẹ̀kọ́ náà wà. Mú ọmọ Ìsẹ́yìn lọ sí ìdí òfì. Sọ fún un pé ní ọdún 1902 àwọn oníṣòwò òyìnbó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti mú kí a máa gbin òwú fún ẹ̀rọ ìhunṣọ ìlú wọn, kí o wá jẹ́ kí ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ pé òfì wa ṣì ń dún. Bi ọmọ Ṣakí léèrè ìdí tí àwọn ìbátan rẹ̀ ní Ṣábẹ fi ń sọ èdè Faransé. Ní ọdún 1889 ni òyìnbó méjì jókòó sí ìlú wọn, tí wọ́n fa ìlà láàárín Kétu, Ṣábẹ àti àwa, láìbi ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ òmìnira náà, bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ọmọ mọ àsíá, wọ́n mọ orin. Wọn kò mọ ohun tí ó yí padà ní ìlú tiwọn. Ohun tí ó bí wọn nínú ní ọdún 1916 ni pé a gba ọ̀rọ̀ ìlú lẹ́nu ìlú. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní ọdún 1952 ni ó fún àwọn ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti dìbò yan àwọn tí yóò jókòó ní káńsù. Ní ọdún 1953, Enahoro dìde ní ilé ìgbìmọ̀ ní Èkó, ó béèrè ìjọba ara ẹni fún Nàìjíríà ní ọdún 1956. Oṣù kìíní ọdún 1955 ni ilé ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ ọdún 1957 ni Ìwọ̀-Oòrùn gba ìjọba ara rẹ̀, ọdún mẹ́ta ṣáájú àsíá. N ó fi ọ̀rọ̀ kan kún un, kí n má baà tún bo nǹkan mọ́lẹ̀: ilé ìwé tí mo ń yìn yìí gba ọ̀pọ̀ ọmọ kúrò nídìí Ifá. Ẹ̀gbọ́n mi kò fọwọ́ kan ọ̀pẹ̀lẹ̀ mọ́ títí tí ó fi kú. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ ìyẹn náà.

Láti nǹkan bí ọdún 2009 ni a ti yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò nínú iṣẹ́ àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ìjọba ti ní kí ó padà wá. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọn yóò kà, ta ni yóò kọ ti Òkèihò sínú rẹ̀? Ọ̀jọ̀gbọ́n Atanda ṣe iṣẹ́ ńlá lórí rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, fún àwọn ọ̀mọ̀wé. Àwọn tí ojú wọn tó o kò sí mọ́. Àwọn tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, irú tèmi ni, orí wa sì ti funfun.

Lọ́la, lẹ́yìn ẹbọ òwúrọ̀, mo fẹ́ mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ sí ẹsẹ̀ òkè náà. Ọmọbìnrin tí ó bi mí léèrè yóò bá wa lọ. Mo ti tọrọ ààyè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ẹni tí baba tàbí ìyá rẹ̀ bá sọ ohunkóhun fún nípa ọdún náà, ẹ̀gbẹ́ yòówù kí ìdílé rẹ̀ dúró sí, kí ó jọ̀wọ́ wá bá mi ní ìdí igi oróm̀bó lẹ́yìn oúnjẹ. Ọmọ mi mú ìwé àti bírò dání, òun ni yóò máa kọ ọ́.