Ère Kì í Fọhùn, Ènìyàn Ní Í Fọhùn fún Un

Bí a bá dé Èsìẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kwara wa yìí, tí a rí àwọn ère olókùúta tí ó ju ẹgbẹ̀rún lọ, tí òmíràn jókòó jẹ́ẹ́ lórí àpótí, tí ilà ojú àti irun dídì rẹ̀ hàn gedegbe, ojú nìkan kò lè rò wọ́n fún wa. Ọ̀mọ̀ràn ní í mọ oyún ìgbín. Ọdún 1945 ni a ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀, èkíní irú rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Nítorí pé ojú nìkan kò tó ni àwọn yunifásítì kan ṣe ń pe ará ìlú sí ìtàkùrọ̀sọ nínú ilé iṣẹ́-ọnà. Ní Yunifásítì Pan-Atlantic, ní ìpínlẹ̀ Èkó, ilé iṣẹ́-ọnà tí a ṣí ní 2019, tí a fi orúkọ Ọmọọba Yemisi Shyllon pè nítorí pé òun ni ó fi nǹkan bí ẹgbẹ̀rún iṣẹ́-ọnà ta á lọ́rẹ, kò fi àwọn iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ojú nìkan: oníṣẹ́-ọnà a máa ṣàlàyé, olùgbọ́ a sì máa béèrè.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa náà, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ti wà ní Malete láti 2009. Ẹ̀yin aláṣẹ ibẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ pe àwọn àgbà Èsìẹ́ àti àwọn ìyá amọ̀kòkò Ìlọrin wá bá àwọn ọmọ wa sọ̀rọ̀, kí ìyá amọ̀kòkò gbé ìkòkò sílẹ̀ níwájú wọn, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí a ti ń mọ ọ́n.