Ọdẹ Gbé Ìbọn Sílẹ̀: Ìwé Ọmọdé àti Ìrìn Àjò Ìdílé sí Inú Igbó

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n sọ bí ìwé tí àwọn ọmọ wa ń kà ṣe lè di amọ̀nà fún ìrìn àjò ìdílé. Èmi kò ní dárúkọ ìwé púpọ̀. Ọ̀kan ni mo mú wá, nítorí òun ni ó kàn wá jù: Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà kọ, tí ó jáde ní ọdún 1938.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ka ìwé yìí nígbà tí a wà ní kékeré nílé ẹ̀kọ́. A rántí Àkàrà-oògùn, a rántí Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn, a sì rántí Àgbákò tí ó ní ojú mẹ́rìndínlógún. (Ẹ̀yin babaláwo, ẹ má rẹ́rìn-ín, èmi náà ti ronú lórí iye yẹn títí.) Èdè ìwé náà dùn dé góńgó, n kò sì ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ń ṣe fún ọmọ tí kò tí ì wọ igbó rí. Irúnmalẹ̀ tí ó pàdé níbẹ̀ ni iwin àti abàmì tí ń dènà de ọdẹ. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, daemons ni ó pè wọ́n, ó sì ṣàlàyé pé òun mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ báyẹn ni, kí àwọn òǹkàwé má baà kà wọ́n sí ẹ̀mí búburú. Ògbufọ̀ náà rí ewu tí ó wà níbẹ̀. Àwa tí a ń júbà irínwó irúnmọlẹ̀ ó lé ọ̀kan ní òwúrọ̀ ńkọ́? Ọmọ wa ń gbọ́ orúkọ kan náà nílé gẹ́gẹ́ bí ẹni ọ̀wọ̀, ó sì ń kà á nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ohun ẹ̀rù. Èwo ni kí ó gbà?

Fágúnwà kì í ṣe ọ̀tá wa. Ifá wà nínú orúkọ ìdílé rẹ̀, Oròwọlé sì wà lára orúkọ tí a sọ ọ́. Onígbàgbọ́ ni, ó sì kọ̀wé bí onígbàgbọ́ ìgbà rẹ̀. Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́ ni kí a mú ọmọ dé inú igbó tí ó ṣì dúró, kí ó fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni mo yàn. Ó tó hẹ́kítà 75. Ìjọba àpapọ̀ dáàbò bò ó gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1965, UNESCO sì fi í sínú àkójọ ogún àgbáyé ní 2005. Àwọn ère ńláńlá inú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ Adùnní Olórìṣà, ọmọ ilẹ̀ Austria, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bí Adébísí Àkànjí, Kàsálí Àkàngbé àti Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù fún ẹ̀kọ́ wa ni èèwọ̀ igbó náà: a kì í ṣọdẹ níbẹ̀, a kì í gé igi, a kì í pẹja. Ògbójú ọdẹ inú ìwé gbé ìbọn wọ igbó. Níhìn-ín, ẹnu ọ̀nà ni yóò gbé e sílẹ̀ sí.

Mo kó ọmọ méje lọ, àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún mẹ́jọ sí mẹ́tàlá. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, a ka ibi tí ọdẹ ti pàdé Àgbákò sókè ketekete. Bí a ti dé iwájú ère, ọ̀kan nínú wọn bi ìyá àgbà olórìṣà kan pé, “Ìyá, èwo nínú wọn ni Àgbákò?”

Ìyá náà ní, “Ọmọ mi, ta ni ó sọ fún ọ pé wọ́n ń pa ènìyàn níbí? Àwọn tí ń wá ọmọ ni wọ́n ń wá síbí.”

Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “A jẹ́ pé ọdẹ yẹn ni ó lọ bá wọn jà nílé wọn.”

Ogún ọdún ni mo ti ń ka ìwé náà pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà. Kò sí èyí tí ó sọ bẹ́ẹ̀ rí.

A dé etí odò. Omi náà pọ́n bí ẹrẹ̀. Àwọn tí ń wa góòlù ní òkè odò, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ni ó bà á jẹ́, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn láìfi bò. Mo ní kí wọ́n fi ọwọ́ kan omi, kí wọ́n kí Yèyé, ṣùgbọ́n kí wọ́n má bu ú mu. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan nínú yín kò fara mọ́ èyí. N kò yí i padà: ara ọmọ kò gbọ́dọ̀ san gbèsè ẹlẹ́góòlù. Ìbéèrè wọn ni pé, “Ta ni yóò dá wọn dúró?” Ìwé Fágúnwà kò ní ìdáhùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ wa ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan díẹ̀ kún un nípa orúkọ igi, nítorí èdè ni iṣẹ́ mi. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ńlá mọ igi kan ṣoṣo, orúkọ rẹ̀ ni igi. Ẹ fún wọn ní ìwé kékeré. Kí wọ́n wá ìrókò, àràbà, akòko àti pèrègún, kí wọ́n bi àgbà léèrè, kí wọ́n sì kọ orúkọ náà bí a ti ń pè é ní ẹ̀ka èdè ilé bàbá àti ilé ìyá wọn. Ẹ má sọ ọ́ di ìdánwò. Nígbà tí ẹ bá padà délé, kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹ tún ka orí ìwé kan náà. Kíkà kejì yìí ni èrè ìrìn àjò náà, ẹ ó sì gbọ́ àríyànjiyàn tí ẹ kò retí.

Òkè-Igbó ni a ń lọ lẹ́yìn èyí, láàárín Ifẹ̀ àti Oǹdó, níbi tí wọ́n bí Fágúnwà sí ní 1903. Kòkó ni a ó rí jù lójú ọ̀nà, kí àwọn ọmọ sì béèrè ibi tí igbó lọ. Igbó Olódùmarè ni a ó kà ṣáájú. Ẹ kọ orúkọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé. Ọmọ tí kò bá tí ì bẹ̀rẹ̀ ìwé náà kò ní wọ ọkọ̀, òbí rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀.