Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Mọ Iye Kí Ó Tó Dé Ilé-Ìwé

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí sọ ní kíláàsì àwọn àgbà

 

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kò gùn. Ó jẹ́ nípa àwọn ọmọ wa kékeré, àwọn tí kò tíì dé ilé-ìwé. Báwo ni ọmọ ṣe ń mọ iye nǹkan? Kí ni àwa òbí lè ṣe sí i?

Mo mọ ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ rán láti kiri àkàrà. Àkàrà kan jẹ́ fráǹ 25. Ọkùnrin kan ra àkàrà 6, ó sì fún ọmọ náà ní fráǹ 500. Owó àkàrà jẹ́ fráǹ 150. Fráǹ 350 ni ó yẹ kí ọmọ náà dá padà. Ó dá fráǹ 450 padà. Ọkùnrin náà gba owó, kò wí nǹkan kan, ó bá tirẹ̀ lọ. Fráǹ 100 lọ bẹ́ẹ̀. Èrè ọjọ́ náà ti bọ́. Nígbà tí ọmọ délé, ìyá rẹ̀ nà án.

Mo bi ìyá náà pé: “Ìyá, ta ni ó kọ́ ọmọ yìí ní owó kíkà?”

Ó dá mi lóhùn pé: “Olùkọ́, kí ni ẹ tún fẹ́ kí n kọ́ ọ? Àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 3 pàápàá mọ̀ ọ́n kà.”

Ó pe ọmọ kékeré náà. Ọmọ ka ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀wá. Kò ṣì í rárá. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún un. Mo wá ní kí ó ṣa òkúta 5 fún mi nílẹ̀. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó kó o fún mi. Mo kà wọ́n: wọ́n jẹ́ 9.

Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Kíkà lẹ́nu yàtọ̀ sí mímọ iye. Ọmọ kékeré lè ka ení dé ẹ̀wá bí ẹni ń kọ orin, kí ó má tíì mọ ohun tí 5 jẹ́. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ kò pé. Bí ọmọ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Yóò kọ́kọ́ mọ 1, lẹ́yìn náà 2, lẹ́yìn náà 3. Díẹ̀díẹ̀ ni ìyókù ń wọlé. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tí ó ń fi nǹkan hàn án, yóò pẹ́ lójú ọ̀nà.

Báwo ni a ó ṣe fi hàn án? A kò nílò ìwé. A kò nílò owó. Ẹ gbọ́ ohun mẹ́rin tí a lè ṣe.

Èkínní: ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ kan ohun tí ó ń kà. Bí ẹ bá ń kó ọsàn sínú agbọ̀n, ẹ jẹ́ kí ó fi ọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọsàn kan, iye kan. Kò gbọdọ̀ fo ọ̀kan, kò sì gbọdọ̀ ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ó bá parí, ẹ bi í pé: “Mélòó ni gbogbo rẹ̀?” Bí ó bá tún bẹ̀rẹ̀ láti ení, kò tíì yé e. Ẹ sọ fún un pé iye tí ó kà kẹ́yìn ni iye gbogbo rẹ̀.

Èkejì: ẹ máa rán an ní iye. Ẹ má ṣe sọ pé “mú ìgbákọ wá” nìkan. Ẹ sọ pé “mú àwo 3 wá”, “ṣa àgbàdo 4 fún adìẹ”. Bí ó bá mú 5 wá, ẹ má ṣe pariwo lé e lórí. Ẹ jọ kà á, kí òun fúnra rẹ̀ dá èyí tó lé padà.

Ẹ̀kẹta: ẹ lo ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ìka ọwọ́ kan jẹ́ 5, ti ọwọ́ méjèèjì jẹ́ 10. Bí a bá fi ìka ẹsẹ̀ kún un, ó di ogún. Bí a bá mú ẹsẹ̀ kan kúrò nínú ogún, 5 ti dín, ó ku ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọ yóò fi ojú rí ohun tí ẹnu rẹ̀ ń pè.

Ẹ̀kẹrin: ẹ pè é sí ìdí ayò. Ọpọ́n ayò ní ilé 12, ọmọ ayò 4 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Ẹ jẹ́ kí ọmọ bá bàbá àgbà to ayò. Ó ń ṣeré ni, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ ìṣirò.

Ẹnìkan lè sọ pé: “A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.” Òótọ́ ni. Àṣà wa ni, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni ka ọmọ ọlọ́mọ. Iṣu ni kí ẹ kà, ẹ ka ẹyin, ẹ ka ebè.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé: “Faransé ni wọ́n ń sọ ní ilé-ìwé. Kí ni ìwúlò ení, èjì?” Ẹ fetí sí mi. Bí Faransé bá fẹ́ pe 80, ó ń sọ quatre-vingts. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ogún mẹ́rin. Àwa ń pè é ní ọgọ́rin, ogún mẹ́rin náà ni. Ní 70, Faransé ń fi 10 kún 60. Àwa ń yọ 10 kúrò nínú 80, a ń pè é ní àádọ́rin. Ọmọ tí ó mọ iye ní èdè ìyá rẹ̀ ti mọ iye. Orúkọ tuntun nìkan ni ó kù tí yóò kọ́ ní CI.

Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ ọmọ alákàrà. Èmi, òun àti ìyá rẹ̀ jókòó, a kó owó sílẹ̀. Mo ní: “Àkàrà jẹ́ 150. Máa kà á lọ títí dé 500.” Ó fi 50 lélẹ̀, ó ní: “200.” Ó fi 100 lé e: “300.” Ó fi 100 mìíràn: “400.” Ó fi èyí tó kẹ́yìn: “500.” Ó wo owó ilẹ̀, ó kà á, ó jẹ́ 350. Ó rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní: “Olùkọ́, mo na ọmọ mi nítorí ohun tí n kò kọ́ ọ.”

Pàṣán kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìṣirò rí.

Iṣẹ́ tí mo fún yín rèé títí a ó fi tún pàdé. Bí ẹ bá délé, ẹ ní kí ọmọ yín kékeré ṣa òkúta 3 fún yín. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, ẹ lọ sí 4, lẹ́yìn náà 5. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 2. Ẹ kọ iye tí ó mọ̀ sínú ìwé yín, kí ẹ sì mú un wá.