Ká Tó Ra Ẹ̀rọ Wẹ́dìn Fọ́mọ
(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ wa)

 

Ọ̀rọ̀ owó àti èrè, Akápò á bá wa sọ ọ́. Ohun tí àwa ń rí nínú fọ́ọ̀mù owó yíyá la fẹ́ sọ. Àwọn ìyá kan ń yáwó ra ẹ̀rọ wẹ́dìn fún ọmọ tó jáde ìwé mẹ́wàá, kí ó lè máa kọ́ ọ nílé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wa, tábìlì irin tí à ń pàtẹ lé, wẹ́dà ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n ń kọ sínú fọ́ọ̀mù. Ojú ọmọ ńkọ́? Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ẹni tó bá wo iná wẹ́dìn láìbojú lè má mọ nǹkan kan lọ́sàn-án. Tó bá dòru, ojú á máa ta á bíi pé wọ́n da yanrìn sí i, omi á máa dà lójú ẹ̀. Ó sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ṣùgbọ́n tó bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, ó lè ba ojú jẹ́. Ẹ má ro omi ọmú tàbí àgbo sí i o, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Awò òòrùn tí wọ́n ń kiri kò tó o. Ìbojú wẹ́dìn gan-an ni, tí awò rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà 10 tàbí 11. Àbúrò tó ń wòran náà, kó kúrò níbẹ̀.

Ẹ tún ra ìbọ̀wọ́ aláwọ àti bàtà tó bo ẹsẹ̀. Aṣọ òwú alápá gígùn ni kó wọ̀, torí náílọ́ọ̀nù ń yọ́ mọ́ ara. Kó má ṣe é nínú omi tàbí òjò, iná mànàmáná ń pani. Kó má ṣe é nínú yàrá. Láti ọdún 2017 ni àwọn onímọ̀ àjọ ìlera àgbáyé ti ka èéfín wẹ́dìn mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Páìpù tí wọ́n fi síǹkì bò, èéfín tiẹ̀ máa ń fa ibà àti òtútù lálẹ́. Dúrọ́ọ̀mù tó ti gbé epo bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì rí, kó má fọwọ́ kàn án rárá. Ó lè bú gbàmù.

Ẹ ò ní pẹ́ gbọ́ bí ẹ̀kọ́ ọ̀hún ṣe ń lọ. Àjákù irin tó nípọn díẹ̀ ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Kó ha ìpẹtà àti ọ̀dà ara rẹ̀ kúrò, kó sì fi ẹ̀mú wáyà áàtì mú ibi tó mọ́. Ẹlẹ́kitiróòdù 6013, géèjì 12, rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Kó yí ẹ̀rọ sí bí 70 sí 90. Kó ha á bí ẹni ṣáná ìṣáná. Tó bá ti gbiná, àlàfo àárín rẹ̀ àti irin kò gbọdọ̀ ju ìnípọn ẹlẹ́kitiróòdù yẹn lọ. Tó bá jìnnà, á máa ta pàrà kiri. Tó bá sún mọ́ jù, á lẹ̀. Kó fà á jẹ́jẹ́, kó jẹ́ kó tutù, kó fi gọ́gù bojú, kó wá gbá èèpo dúdú kúrò kó wo iṣẹ́ rẹ̀. Ìlà lásán ni kó máa fà lọ́jọ́ púpọ̀ kó tó so irin méjì pọ̀. Èyí tó bá sì so, kó fi òòlù gbá a wò bóyá á já. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ tún rántí jẹnẹrétọ̀. Èyí kékeré tó ń tan gílóòbù ṣọ́ọ̀bù wa kò lè gbé ẹ̀rọ wẹ́dìn. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Bí ọmọ bá sì fẹ́ ṣe ilẹ̀kùn fún oníbàárà, kó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó mọṣẹ́.

Àbá wa fún ìgbìmọ̀ nìyí: fọ́ọ̀mù ẹ̀rọ wẹ́dìn tí kò bá ní owó ìbojú, ìbọ̀wọ́ àti bàtà nínú, kí á dá a padà fún ìyá ọmọ kó lọ fi kún un. Owó tí a bá fi kún un, ọmọ á ṣiṣẹ́ san án. Ojú tó bá fọ́, ta ló fẹ́ yá wa ní òmíràn?

Ọlọ́run á jẹ́ ká jèrè ọmọ o.