K Inú “Knife”



Ọmọ iléèwé kan dìde láti ka ìwé. Ó kan “knife”, ó sì pe k tí ó rí níbẹ̀. Ni gbogbo kíláàsì bá bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fẹ́ kàwé sókè mọ́. Ǹjẹ́ ọmọ yìí tilẹ̀ jẹ̀bi?

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ fúnra wọn a máa pe k yìí, nínú “knife”, nínú “knee”, àti nínú “know”. Ní ọdún 1476 ni William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé ilẹ̀ wọn. K ń dún nígbà náà, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí ọdún 1700, k ti bọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kò bọ́ nínú ìwé. Àwọn ará Jámánì, tí èdè wọn bá Gẹ̀ẹ́sì tan, ṣì ń pè é: “Knie” ni orúnkún lọ́dọ̀ wọn, k rẹ̀ sì ń dún ketekete.

Àwa náà ní irú rẹ̀. F méjì ni a ń kọ sí Offa, ọ̀kan ṣoṣo ni ẹnu ń pè.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, ẹ fo k, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí n. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń rẹ́rìn-ín, ohun tí ọmọ náà rí ni ó kà. Ẹ tọ́ ọ sọ́nà, ẹ má dójú tì í.