Ohun Tí Ń Mú Aláìsàn Kíndìnrín Dá Ìtọ́jú Dúró

  

Ẹ̀yin Mùsùlùmí òdodo, kíndìnrín ni Ọlọ́hun fi ṣe asẹ́ fún ẹ̀jẹ̀. Bí méjèèjì bá kọṣẹ́, ìdọ̀tí àti omi yóò kún inú ara. Ọ̀nà kan tí a fi ń kó wọn jáde ni fífọ ẹ̀jẹ̀ láti inú ikùn. Ní ọdún 1976, Popovich àti Moncrief ní Amẹ́ríkà gbé irú rẹ̀ tí aláìsàn lè ṣe fúnra rẹ̀ nílé jáde. Dókítà a ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ikùn. Omi oògùn tí ó ní ṣúgà a gba ibẹ̀ wọlé, a wà níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, a ó sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ìgbà mẹ́rin lóòjọ́ ni ọ̀pọ̀ ń ṣe é, títí kan ọjọ́ Iléyá.

Kí ni ó ń mú àwọn kan dá a dúró? Kì í ṣe àìní ìgbàgbọ́ bí àwọn kan ti ń sọ. Kòkòrò àrùn lè gba ojú rọ́bà wọ ikùn, tí inú yóò máa run aláìsàn, tí omi tí ń jáde yóò sì di rúdurùdu. Awọ inú ikùn pẹ̀lú lè rẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Dókítà lè wá gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí ìdí ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ọ̀nà ni onítọ̀hún yí padà. Kò fi ìtọ́jú sílẹ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bani nínú jẹ́ ni ẹni tí ó dúró láìní òmíràn í ṣe. Owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí àárẹ̀ ti mú aya tí ń bá a gbé àpò omi. Ẹlòmíràn ń bẹ̀rù pé ààwẹ̀ òun bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Sūratul-Baqarah, āyah 184 àti 185, ti ṣe ìdẹ̀rùn fún aláìsàn. Ẹlòmíràn sì gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé hàǹtú nìkan tó. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti kú pátápátá kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ó bá dúró. Gbígbára lé Ọlọ́hun kò lé oògùn jáde: nígbà tí àwọn ará oko bi Ànábì léèrè, ó pa wọ́n láṣẹ pé kí wọ́n wá ìtọ́jú.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ní Hong Kong, láti ọdún 1985 ni ọ̀nà inú ikùn yìí ti jẹ́ àkọ́kọ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba, tí ìjọba sì ń gbé èyí tí ó pọ̀ nínú owó rẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ ni ó ń lò ó.

Nítorí náà, kí mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan wádìí aláìsàn inú rẹ̀. Sàká tọ́ sí èyí tí ó jẹ́ aláìní tàbí onígbèsè nínú wọn, gẹ́gẹ́ bí Sūratut-Tawbah, āyah 60, ti là á sílẹ̀. Kí àwọn ọ̀dọ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ aya tí ó ti rẹ̀. Kí wọ́n kọ́ bí a ti ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dáadáa kí a tó fọwọ́ kan rọ́bà. Kí àáfà má sì ṣe sọ fún aláìsàn láé pé kí ó kẹ̀yìn sí dókítà.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn ní àlàáfíà, kí Ó sì fún àwọn tí ń tọ́jú wọn ní sùúrù. Àmín.